Àbàwọ́n pupa ara ọkọ̀ wa ní Ikun: ọsàn wẹ́wẹ́, sítáàṣì, àti bílíìṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí, iṣẹ́ ẹja ló gba gbogbo àsìkò mi, ẹ má bínú. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, tórí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi lọ́dún tó kọjá, mi ò sì fẹ́ kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó ní ọkọ̀ ojú omi, àní ẹni tó kàn ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀ nílé pàápàá.

Fún àwọn tí ò mọ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ni ọkọ̀ fíbà kékeré kan tó wà ní dáàmù Ikun-Èkìtì, èyí tí ìwé ìjọba ń pè ní Ero Dam, lọ́hùn-ún ní Mọ̀bà. Tí mo bá sọ fáwọn ará Èkó pé mo ní ọkọ̀ ojú omi l'Èkìtì, wọ́n á ní ṣé orí òkè lẹ ti ń tukọ̀ ni. Òótọ́ ni, a ò ní ọ̀sà, a ò ní òkun, àmọ́ a ní dáàmù jàre, Ikun wà níbẹ̀, Egbe wà níbẹ̀, Ìtàpájì wà níbẹ̀, Ureje sì wà l'Adó gan-an, ẹja sì wà. Àlòkù la ra ọkọ̀ náà ní Ẹ̀pẹ́, a gbé e sórí ọkọ̀ akẹ́rù, ó gba Ìjẹ̀bú-Òde gba Oǹdó gba Àkúrẹ́ títí ó fi wọ Adó, ká tó wá mú ọ̀nà Ìfàkì pọ̀n lọ sí Ọ̀tùn. Bàbá Ìlàjẹ kan ló ń bá wa tù ú, èèyàn tó jẹ́ pé inú omi ni wọ́n bí i sí ni kẹ́ ẹ pè é.

Funfun báláú ni ọkọ̀ yìí nígbà tá a rà á. Kí òjò ọdún àkọ́kọ́ tó dá, ara ẹ̀ ti di nǹkan míì. Ibi tí omi ń dé lára ẹ̀, yíká yíká, bí àtẹ́lẹwọ́ kan ní fífẹ̀, ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Nísàlẹ̀ ìyẹn ó dúdú, àwọ̀ bí omi ewé tó ti rà. Ní ìdí ẹ̀ pátápátá, àwọn òrùka funfun kéékèèké wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ọkọ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́, ojú ibi tí àwọn ìkarahun wíwẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ nínú omi oníyọ̀ ti lẹ̀ rí, wọ́n ti há wọn kúrò àmọ́ ìdí wọn ṣì kù síbẹ̀.

A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. A fi ọṣẹ ìfọṣọ, a fi ọṣẹ dúdú, kò gbọ́. Ọmọ kan tó ń bá wa ṣiṣẹ́ lọ já ewé eépín wá, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń fọ igbá àti ìdí ìkòkò, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ha á, kí n tó pariwo ó ti ha ibì kan tán, ó dùn mí gan-an. Ara fíbà ní awọ kan lókè tó ń dán, jẹ́lìkóòtì làwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ń pè é, kò nípọn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ, òun ni kì í jẹ́ kí omi wọnú fíbà. Tẹ́ ẹ bá fi eépín tàbí sàǹdípépà ha á, awọ yẹn lẹ̀ ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀, ibi tẹ́ ẹ ha náà sì ni àbàwọ́n máa kọ́kọ́ padà sí, tórí ara ibẹ̀ ò dán mọ́. Ojú àpá yẹn ṣì wà lára ọkọ̀ wa dòní.

Ìdí tí ọṣẹ ò fi rí nǹkankan ṣe ni pé kì í ṣe epo, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Irin ni. Ilẹ̀ wa tó pupa yìí, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó ń fi aṣọ funfun ṣe lásìkò òjò, irin tó ti dógùn-ún ló pọ̀ nínú ẹ̀ tó fi pọ́n, òjò á wọ́ ọ lọ sódò, odò á gbé e lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Èyí tó dúdú yẹn, ewé ló fà á. Ewé tó jábọ́ sómi á rà, oje ẹ̀ ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní tannin, tí ìyẹn bá ti pàdé irin wọ́n á di dúdú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù ṣe máa ń sọ ọ̀bẹ àti ọwọ́ ẹni tó ń bó o di dúdú. Ọṣẹ ń ṣí epo, ásíìdì ló ń ṣí irin. Àwọn òrùka Ẹ̀pẹ́ yẹn náà, ohun kan náà tó wà nínú ìkarahun ìgbín àti èèpo ẹyin ni, tí ásíìdì bá kàn án á máa hó ṣíì, á máa yọ́ lọ.

Ibi tí mo ti ṣìnà wá nìyí. Nígbà tí mo gbọ́ pé ásíìdì ni, mo rò pé èyí tó bá le jù ló máa yá jù. Mo wọ ọjà, mo ra tọ́ílẹ́ẹ̀tì wọ́ṣì, èyí tí wọ́n máa ń rọ sínú ike mínírà àlòkù, kò sí ìwé lára ẹ̀, kò sí orúkọ, obìnrin tó tà á fún mi kàn ní "ó múná dáadáa, ẹ rọra lò ó" ni. Hydrochloric acid ló máa ń wà nínú irú ẹ̀. Èyí tí iléeṣẹ́ ṣe tó ní ìwé lára, ó máa ń tó nǹkan bíi 10 nínú 100. Èyí tó wà nínú ike mínírà yìí, ta ló wọ̀n ọ́n?

Ọjọ́ Sátidé ni. A ti fa ọkọ̀ gòkè, a gbé e lé orí táyà, mo lóṣòó sábẹ́ ẹ̀ mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa á, ó sì ń ṣiṣẹ́ o, kí n má parọ́, pupa yẹn ń ṣàn lọ lójú mi. Àbúrò mi wá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ó rí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lára ìdí ọkọ̀, ó mọ̀ pé bílíìṣì ló ń pa ìyẹn, kò bèèrè, èmi náà ò sì sọ fún un, ó mú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó sún mọ́ ọn jù ó sì da bílíìṣì sí i. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ásíìdì mi ṣẹ́kù sí ni.

Kò pẹ́ rárá. Mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn kan bíi ti omi ẹ̀rọ tí wọ́n da oògùn sí jù. Kí n tó mọ̀, ó ti gún mi nímú bí ata, omi bo ojú mi, mo mí kanlẹ̀ kí n lè pariwo, èémí yẹn ló sì bà mí jẹ́ jù, tórí gbogbo ẹ̀ ló wọ àyà mi lọ. Gáàsì yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kì í gòkè, ibi tó bá rẹlẹ̀ ló ń wá, èmi tí mo lóṣòó sábẹ́ ọkọ̀ ló sì wá bá. Bàbá Ìlàjẹ ló di ẹsẹ̀ mi mú tó fà mí jáde, ó ń pariwo pé, "Ọ̀gá, ẹ gòkè! Ẹ má sá lọ sísàlẹ̀ o! Ẹ kọjú síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀!" Ọlọ́run á bá mi sanwó fún bàbá yẹn. Wọ́n gbé mi lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí mi nímú, títí di ọjọ́ kẹta mi ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, tí mo bá ti dùbúlẹ̀ ikọ́ á bẹ̀rẹ̀, àbúrò mi jókòó tì mí ó ń sunkún bí ọmọdé.

Kilóríìnì ni gáàsì yẹn ń jẹ́. Òun náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ fáwọn ọ̀tá wọn lẹ́bàá Ypres ní Bẹ́líjíọ̀mù lọ́jọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915, ohun tí wọ́n fi jagun ni àwa fi ọwọ́ ara wa pò nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kì í ṣe tọ́ílẹ́ẹ̀tì wọ́ṣì nìkan ló ń bá bílíìṣì dì í. Fínígà ń ṣe é, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ń ṣe é, ásíìdì èyíkéyìí ni. Mo mọ àwọn ìyá tó máa ń da méjèèjì pọ̀ sínú ṣalángá kó lè mọ́ dáadáa, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Tẹ́ ẹ bá ti fi bílíìṣì fọ ibì kan, ẹ fi omi ṣan án ṣan án, kẹ́ ẹ sì fi ásíìdì sílẹ̀ di ọjọ́ míì, búrọ́ọ̀ṣì ọ̀tọ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀, àkísà ọ̀tọ̀.

Ó tó oṣù méjì kí n tó lè dé ìdí ọkọ̀ yẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì l'Adó ló là mí lójú. Ó ní èyí tí mo ń wá kò le tó bẹ́ẹ̀, pé inú ọsàn wẹ́wẹ́ ló wà. Sítíríìkì ni wọ́n ń pe ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́, ó máa ń tó 5 tàbí 6 nínú 100 omi ọsàn náà, ohun tó sì jẹ́ kó dáa fún irin ni pé kì í kàn ń jẹ irin yẹn, ó máa ń dì í mú, kó má lè padà lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ mọ́. Fínígà náà jẹ́ ásíìdì, bíi 5 nínú 100, ó dáa fún àwọn òrùka funfun yẹn, àmọ́ kò lágbára irin bíi ti sítíríìkì. A kọ́kọ́ fi ọsàn wẹ́wẹ́ gidi dán an wò, a gé e sí méjì a fi ń ra ojú kan, lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá ibẹ̀ ti ń funfun. Inú mi dùn jù. Ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ ọsàn mélòó la máa fún tán lára odindi ọkọ̀? La bá wá èyí tó jẹ́ ìyẹ̀fun, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta èlò ọṣẹ àti èlò zóbò lẹ ti máa rí i, ó funfun ó dà bí ṣúgà, ẹ sọ fún wọn pé citric acid. 100 gíráàmù sínú lítà omi kan la lò. Inú ike la ti pò ó o, ẹ má po ásíìdì nínú ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù. Omi ló ń kọ́kọ́ wọ ike, ásíìdì ló ń tẹ̀ lé e, ẹ má ṣe é lódìkejì láé, pàápàá àwọn ásíìdì tó le, tórí omi tẹ́ ẹ bá dà lé ásíìdì lórí lè hó kó ta sí yín lójú.

Wàhálà tó kù ni pé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ dúró lóòró. Ohun tẹ́ ẹ bá fi pa á, á ṣàn wálẹ̀, á gbẹ, ẹ tún pa á, á tún ṣàn. Bẹ́ẹ̀ ásíìdì nílò àsìkò láti jókòó. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó jókòó tó ń wò wá láti àárọ̀, ló ní, "Ṣé ẹ ò mọ sítáàṣì ni?" Sítáàṣì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ! Ó gbé e kaná, ó rò ó kó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, ó dúró kó tutù pátá, lẹ́yìn náà la wá po sítíríìkì mọ́ ọn. Nígbà tá a fi búrọ́ọ̀ṣì pa á mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ibi tá a fi sí ló dúró sí. A ya láílọ́ọ̀nù a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kí atẹ́gùn má gbẹ ẹ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rò ó náà ni kẹ́ ẹ lò ó tán.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú inú wo ohun tí mo rí nígbà tí mo ṣí láílọ́ọ̀nù yẹn kúrò lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Sítáàṣì tó funfun nígbà tá a pa á ti pọ́n bí ẹ̀bà tí wọ́n po epo sí. Gbogbo irin yẹn ti kó sínú ẹ̀. Mo fi kànrìnkàn rọ́ra nù ún láti òkè wálẹ̀, ó bọ́ bí awọ wàrà, fíbà funfun wá yọ lábẹ́ ẹ̀, ó ń dán, ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀, ó kàn fi ìka tọ́ ọ. Ibi tó dúdú yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é kó tó lọ.

A kọ́kọ́ dán an wò níbi kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ọkọ̀, ká lè mọ̀ bóyá á ba àwọ̀ jẹ́. Abẹ́ igi la ti ṣe é, kì í ṣe inú oòrùn, tórí ásíìdì tó bá gbẹ mọ́ ara fíbà á sọ ọ́ di ràkọ̀ràkọ̀. A fi omi rẹ ara ọkọ̀ kí a tó fi kàn án. A wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn, a wọ góọ̀gùlù, ìyẹn awò tó ń bo ojú, a wọ bàtà òjò, mo mọ̀ pé ooru ń mú, ẹ wọ̀ ọ́. A fi láílọ́ọ̀nù bo ìdí ẹ́ńjìnnì àti gbogbo ibi tí irin wà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mímọ́ gbọ́dọ̀ wà nítòsí kó tó di pé ẹ ṣí ásíìdì rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí dáadáa, tórí ó ká mi lára. Omi dáàmù Ikun kì í ṣe ti apẹja nìkan, òun ni wọ́n ń fọ̀ mọ́ tí wọ́n ń fà lọ sínú ẹ̀rọ fún ọ̀pọ̀ ìlú l'Èkìtì, omi tí ìyá mi ń mu ni. Mo ti rí àwọn tó jẹ́ pé inú omi ni ọkọ̀ wọn wà tí wọ́n ń da kẹ́míkà sí i lára, gbogbo ẹ̀ ń ṣàn lọ sídìí ẹja. Ẹ fa ọkọ̀ yín gòkè. Tiwa jìnnà sí etí omi tó bí àádọ́ta ìṣísẹ̀, orí ilẹ̀ tí kò da gẹ̀rẹ́ sódò. Omi tá a fi ṣan án, a gbẹ́ kòtò kékeré fún un, a sì po kán-ún mọ́ ọn. Kán-ún tẹ́ ẹ fi ń se ẹ̀wà yìí ni, òun ló ń pa agbára ásíìdì, ẹ óò rí i tó ń hó tó ń yọ ìfófòó, ẹ máa fi sí i díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní hó mọ́. Omi kán-ún la fi ṣan ara ọkọ̀ náà kẹ́yìn, kí a tó fi omi lásán ṣan án.

Ásíìdì míì wà tó lágbára irin ju sítíríìkì lọ, oxalic ni wọ́n ń pè é, òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ìfọkọ̀ tí wọ́n ń tà fáwọn ọlọ́kọ̀ omi. Ó ń ṣiṣẹ́, pàápàá fún àbàwọ́n ewé. Àmọ́ májèlé ni. Ẹ mọ bí kókò tí ò jinná ṣe máa ń yún èèyàn lọ́fun? Abẹ́rẹ́ tíntìntín tí ojú ò lè rí ló wà nínú ẹ̀, oxalic tó so pọ̀ mọ́ kálísíọ́ọ̀mù ló di abẹ́rẹ́ yẹn. Tí oxalic bá wọ ara èèyàn, ó lè lọ so pọ̀ mọ́ kálísíọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ nínú kíndìnrín. Èmi ò lò ó. Ẹni tó bá máa lò ó, kó bo imú nígbà tó bá ń bu ìyẹ̀fun ẹ̀, kó má sì jẹ́ kó kan ara.

Omi bátìrì ńkọ́? Mẹkáníìkì kan ló sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi pé òun ló yá jù. Rárá o. Sulfuric acid ni, ó tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta omi inú bátìrì, á jẹ aṣọ, á jẹ awọ ara, á jẹ ojú, ẹ má tiẹ̀ sún mọ́ ọn.

Tí ásíìdì bá ta sí yín lára, omi ni, omi tó ń ṣàn, ogún ìṣẹ́jú gbáko, ẹ bọ́ aṣọ tó kàn kúrò. Tó bá jẹ́ ojú ni, omi bẹ́ẹ̀ náà, kẹ́ ẹ la ojú sílẹ̀ nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa lọ sílé ìwòsàn. Tí ọmọdé bá gbé e mu, ìyẹn ni mo ṣe bínú sí ike mínírà yẹn, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má fi ìka sí i lọ́fun kó lè bì í. Ohun tó jó ọ̀fun nígbà tó ń wọlé á tún jó o nígbà tó bá ń jáde. Ẹ bu omi sí i lẹ́nu kó fi fọ ẹnu kó tu ú dànù, ẹ gbé e sáré lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ mú ike yẹn dání kí dókítà lè rí i.

Àwọn tó ní ọkọ̀ onígi, sítíríìkì lè mú kí igi funfun ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì mú kí irun igi dìde, ẹ ṣan án dáadáa kẹ́ ẹ tó fi epo pa á. Ọkọ̀ alumíníọ́ọ̀mù, ẹ má fi tọ́ílẹ́ẹ̀tì wọ́ṣì kàn án rárá, á jẹ ẹ́, gáàsì tó sì ń jáde lára ẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́ máa ń gbaná.

Nígbà tí ọkọ̀ wa gbẹ tán, a ra wáàsì tí wọ́n fi ń pa mọ́tò, a fi aṣọ múlọ́múlọ́ ra á yíká lẹ́ẹ̀mejì, tórí ásíìdì ti fọ gbogbo ọ̀rá tó wà lára ẹ̀ lọ, ibi tí ò bá ní wáàsì ni irin máa tún jókòó sí. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé la tì í padà sómi. Bàbá Ìlàjẹ wọnú ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ fa ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ láti iwájú dé ibi tí ọwọ́ ẹ̀ mọ, ó ní ó ti ń yọ̀ bí ara àrọ̀. Láti ìgbà yẹn òjò odindi ọdún kan ti rọ̀ lé e. Pupa yẹn ti tún ń yọjú, bí ìlà tín-ín-rín kan báyìí, mo ti rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti rẹ sítáàṣì sílẹ̀ de Sátidé.